Ẹ̀ṣọ́ Mẹ́ta Inú Ilé Ìwẹ̀: Ọ̀rọ̀ lórí Ṣáwà Oníná tí ó Kọ Iṣẹ́

Kí ó má ṣe ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé àlùfáà gbé ìwé ìwàásù rẹ̀ sápá kan, ó sì dìde láti sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ tí ń mú omi ìwẹ̀ gbóná. Ohun tí ó lè pa ènìyàn nínú ilé rẹ̀, tí ìmọ̀ díẹ̀ sì lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò kéré jù fún ẹnu àlùfáà. Ní ilé púpọ̀ nínú ìjọ wa lónìí, ṣáwà oníná ti gba ipò ìkòkò omi tí àwọn ìyá wa máa ń gbé ka orí ààrò ní ìdájí. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ déédéé, a kì í rántí rẹ̀. Ọjọ́ tí ó bá kọ iṣẹ́ ni a ń wá ẹni tí yóò tún un ṣe kíákíá, a kì í sì í bi ẹni náà léèrè ohun tí ó ṣe sí i.

Bẹ́ẹ̀ ni àwa náà ṣe, a sì kábàámọ̀ rẹ̀. Ní ilé àlùfáà tí a ń gbé nígbà náà, ṣáwà wa bẹ̀rẹ̀ sí í hu ìwà kan tí ó ń bí wa nínú. Yóò gbóná fún ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin, omi yóò sì di tútù lójijì. Bí a bá dúró díẹ̀, yóò tún gbóná. A pe ọkùnrin kan tí ń ṣe iṣẹ́ iná kiri àdúgbò. Ó ṣí ìdérí ẹ̀rọ náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó so wáyà méjì pọ̀, ó sì wí pé, “Bàbá, ó ti parí. Kò tún ní í kú mọ́.” A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a sì san owó rẹ̀. Lóòótọ́, kò kú mọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ìyá tí ó bí wa, tí wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọlé láti wẹ̀. Omi náà kọ́kọ́ lọ́ wọ́ọ́wọ́, ó sì ń gbóná sí i, títí ó fi bó wọn ní èjìká àti apá. Ẹsẹ̀ àgbà kò yá láti sá. Ọlọ́run dá ẹ̀mí wọn sí, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi gba ìtọ́jú. Nígbà tí a jókòó tì wọ́n, wọ́n wò wá, wọ́n ní, “Ọmọ mi, nígbà tí ó ń kú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó kàn ń tutù sí mi lára ni. Ìgbà tí ẹ ní kò ní í kú mọ́ ni ó tó bó mi.”

A kò rí èsì fọ̀. Lẹ́yìn èyí ni a tó wá oníṣẹ́ iná kan nínú ìjọ wa, ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ yanjú. Ó fi hàn wá pé wáyà méjì tí a so pọ̀ nì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ tí àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà fi sínú rẹ̀, kí ó lè máa dá a dúró bí omi bá gbóná jù. Àbùkù kò sí nínú ẹ̀rọ rárá. Iyanrìn ni ó dí àwọn ihò orí ṣáwà, tí omi kò fi rí àyè kọjá tó. Ẹ̀ṣọ́ ń kígbe, àwa sì dí i lẹ́nu. Láti ọjọ́ náà ni a ti pinnu láti mọ̀ nípa ohun yìí, kí a sì sọ fún àwọn ẹlòmíràn. Kókó ọ̀rọ̀ wa ni èyí: ṣáwà tí ó dáwọ́ iṣẹ́ dúró, nígbà púpọ̀, kò bàjẹ́, ó ń ṣọ́ wa ni. Ohun tí ó yẹ kí a wá ni ìdí tí ó fi dúró, kì í ṣe ọ̀nà tí a ó fi fi agbára mú un ṣiṣẹ́.

BÍ ẸRỌ NÁÀ TI Ń ṢIṢẸ́

Irú ṣáwà tí à ń wí yìí kì í kó omi jọ pamọ́ bí híità ńlá tí a máa ń gbé kọ́ ara ògiri. Omi tútù ń gba páìpù wọ inú agolo kékeré kan. Nínú agolo náà ni irin kan wà tí a ká bí ejò. Iná ń gba inú rẹ̀ kọjá, irin náà ń gbóná, omi sì ń gba ooru lára rẹ̀ bí ó ti ń sáré lọ sí orí ṣáwà. Bí omi bá ń sáré, ooru kì í pọ̀ jù. Bí omi bá ń rìn gbẹ̀rẹ́, yóò pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin náà, yóò sì gbóná gidigidi.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò díẹ̀ hàn yín. Ṣáwà tí agbára rẹ̀ jẹ́ kìlówáàtì 4.5 wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa; a ó rí iye náà lára àmì tí a lẹ̀ mọ́ ọn. Bí omi lítà 3 bá ń gba inú rẹ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú kan, ooru omi náà yóò fi nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 21 ga ju bí ó ti wọlé lọ. Bí omi tí ó wọlé bá jẹ́ ìwọ̀n 27, yóò jáde ní ìwọ̀n 48, èyí tí ó gbóná ju ohun tí ara fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣí omi títí ó fi di lítà 6 ní ìṣẹ́jú kan, ìwọ̀n 10 tàbí 11 péré ni yóò fi kún un. Omi ìlọ́po méjì, ooru ìdajì. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní í ké pe oníṣẹ́ iná nígbà tí ó jẹ́ pé ọwọ́ ẹ̀rọ omi nìkan ni ó yẹ kí ó yí.

Ẹ tún kíyèsí èyí. Ní ilẹ̀ wa, agbára tí iná fi ń wọ ilé yẹ kí ó jẹ́ fóòtì 230. Ní ìwọ̀n yìí, ṣáwà kìlówáàtì 4.5 ń fa iná tí ó tó áḿpíà 20. Púlọ́ọ̀gì oníhò mẹ́ta tí a fi ń lo áyọ́ọ̀nù kò lè gbé ju áḿpíà 13 lọ, èyí tí í ṣe kìlówáàtì 3. Nítorí náà, ṣáwà níláti ní wáyà tirẹ̀, tí ó nípọn tó, tí ó sì wá tààrà láti inú àpótí iná ilé, pẹ̀lú bírékà tirẹ̀. Ẹni tí ó bá so ó mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán ń mú wáyà inú ògiri rẹ̀ gbóná lójoojúmọ́. Àwọn baba wa sì ti sọ pé a kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

ÀWỌN ẸṢỌ́ MẸ́TA

Nítorí pé omi àti iná ni a dè pọ̀ sínú ike kan, àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà kò fi wá sílẹ̀ láìní ẹ̀ṣọ́. Mẹ́ta ni wọ́n.

Èkíní ni ẹ̀ṣọ́ omi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rí i pé iná kò dé ọ̀dọ̀ irin agbóná nì, bí kò ṣe pé omi ń tì í pẹ̀lú agbára tó. Bí kò bá sí i, irin náà yóò gbóná láìsí omi, yóò sì jó.

Èkejì ni ẹ̀ṣọ́ ooru. Ó lẹ̀ mọ́ ara agolo. Bí agolo bá gbóná kọjá ìwọ̀n, yóò gé iná kúrò. Bí ó bá tutù, yóò tún un dá padà. Òun ni ọkùnrin ọjọ́sí fi wáyà dí lẹ́nu.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀ṣọ́ ẹ̀mí, òun ni a sì gbọ́dọ̀ yé yín jù. Ó lè wà nínú ṣáwà fúnra rẹ̀, ó sì lè wà nínú àpótí iná ilé. Bọ́tìnì kékeré kan máa ń wà lára rẹ̀ tí a fi ń dán an wò. Iṣẹ́ rẹ̀ dàbí iṣẹ́ àwọn alákòóso ìjọ nígbà tí wọ́n bá ń ka owó: ohun tí ó wọlé níláti bá ohun tí a kọ sílẹ̀ mu. Iná tí ó gba wáyà kan lọ níláti gba wáyà kejì padà ní iye kan náà. Bí ó bá dín, a jẹ́ pé ó ti gba ibòmíràn jáde, bóyá nínú ara ènìyàn. Bí ohun tí ó sọnù bá dé mílíámpíà 30, ẹ̀ṣọ́ yìí yóò gé gbogbo rẹ̀ kí ìṣẹ́jú-àáyá kan tó kọjá.

Àwọn kan yóò wí pé, “Bírékà wà nílé wa, ó tó.” Rárá o. Mílíámpíà 30 kéré tó bẹ́ẹ̀ tí iná tí ṣáwà ń fà nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ fi ju ú lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní 600. Bírékà lásán kì í tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Wáyà ni bírékà ń ṣọ́. Kì í ṣọ́ ènìyàn.

Ẹ̀ṣọ́ kẹta yìí ní alábàáṣiṣẹ́ kan, èyí ni wáyà tí ó lọ sínú ilẹ̀, tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Bí iná bá já sí ara irin tàbí sínú omi, wáyà yìí ni yóò gbé e lọ sínú ilẹ̀, kí ó má baà gba ara ẹni tí ń wẹ̀ kọjá. Ní ojú ẹsẹ̀ náà ni ẹ̀ṣọ́ ẹ̀mí yóò mọ̀, yóò sì gé e. Ó ṣe ni láàánú pé ní ilé púpọ̀, ihò kẹta sọ́kẹ́ẹ̀tì wà fún ẹwà lásán. A fa wáyà náà dé ibì kan nínú ògiri, a sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Kò dé ilẹ̀. Ẹ bi oníṣẹ́ iná yín léèrè, kí ó sì fi ohun èlò rẹ̀ wọ̀n ọ́n lójú yín.

BÍ A TI Ń WÁ ÌDÍ ÀBÙKÙ

Kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ pa bírékà ṣáwà ní inú àpótí iná. Pípa súìsì ilé ìwẹ̀ nìkan kò tó. Ẹ má sì ṣe wí pé, “Wọ́n ti mú iná lọ.” Iná tí a mú lọ a máa padà láìránṣẹ́ ṣíwájú, aládùúgbò tàbí ọmọ ilé sì lè tan ẹ̀rọ amúnáwá nígbà tí ọwọ́ yín wà nínú omi. Ẹ pa bírékà, ẹ sì sọ fún gbogbo ará ilé pé kí wọ́n má ṣe tàn án.

Bí ṣáwà kò bá jí rárá, tí iná kékeré ojú rẹ̀ kò tàn, ẹ kọ́kọ́ wò ó bí iná bá wà nínú yàrá mìíràn. Bí ó bá wà, ẹ lọ wo àpótí iná. Bí bírékà rẹ̀ bá ti ṣubú, ẹ gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá tún ṣubú, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Má ṣe gbé e lẹ́ẹ̀kejì, má sì ṣe fi bírékà tí ó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ rọ́pò rẹ̀. Ó ń wí fún yín pé wáyà tàbí irin agbóná ti ní àbùkù, oníṣẹ́ iná ni iṣẹ́ náà kàn.

Bí iná ojú rẹ̀ bá tàn, ṣùgbọ́n tí omi tútù, tí ó sì ń ṣe tín-ín-rín, ẹ̀ṣọ́ omi ni kò tíì gbà. Ẹ wo táǹkì: ṣé omi wà nínú rẹ̀? Ṣé ó ga tó? Táǹkì tí ó fi mítà 10 ga ju orí ṣáwà lọ ni ó ń ti omi pẹ̀lú agbára tí à ń pè ní báà 1. Èyí tí ó ga ní mítà 2 kò ní ju ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ lọ. Ìwé tí ó bá ṣáwà wá yóò sọ iye tí ó fẹ́. Bí táǹkì kò bá ga tó, a níláti gbé e ga sí i, tàbí kí a fi páǹpù sí i. Bí ó bá sì ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ rí, asẹ́ kékeré tí ó wà ní ẹnu ibi tí omi ń gbà wọlé ni kí ẹ fura sí. Omi kànga-ẹ̀rọ wa a máa gbé iyanrìn àti ìpẹtà wá. Nígbà tí a bá ti pa bírékà, tí a sì ti ti omi pa, a lè tú asẹ́ náà, kí a fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, kí a sì dá a padà.

Bí omi bá ń lọ dáradára, ṣùgbọ́n tí ó kàn lọ́ wọ́ọ́wọ́, ohun méjì ni kí ẹ rò. Bóyá omi tí ẹ ṣí ti pọ̀ jù; ẹ dín in kù díẹ̀díẹ̀. Bóyá iná ni kò ní agbára. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé bí iná bá rọ̀, ooru a máa rọ̀ jù ú lọ. Bí fóòtì 230 bá di 160, ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò rò pé ó kù díẹ̀ kí ó pé. Ṣùgbọ́n ooru tí ṣáwà ń fúnni kò ní í pé ìdajì mọ́. Bí ó bá di 115, ìdá kan nínú mẹ́rin ni yóò kù. Nítorí náà, bí gílóòbù ilé yín bá ń jó ràìràì ní ìrọ̀lẹ́, ẹ má ṣe bá ṣáwà wí.

Bí omi bá gbóná tán, tí ó sì tún tutù, bí tiwa ti ṣe, ẹ̀ṣọ́ ooru ni ó ń ṣiṣẹ́. Ìdánwò kan wà tí kò ná wa ní kọ́bọ̀. Ẹ tú orí ṣáwà kúrò lára okùn rọ́bà rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí omi máa jáde láti ẹnu okùn náà sínú báàkẹ́ẹ̀tì, láìsí ènìyàn lábẹ́ rẹ̀. Bí ooru bá dúró láìyípadà, orí ṣáwà ni ó dí. Ẹ fi abẹ́rẹ́ ṣí àwọn ihò rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fọ iyanrìn inú rẹ̀ dànù. Àwọn ará wa tí ń gbé ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni yóò tilẹ̀ nílò èyí jù. Omi ìlú náà le, ó sì ń fi èèpo funfun sílẹ̀ ní ìdí kẹ́tùrù àti nínú ihò ṣáwà bákan náà. Kí wọ́n rẹ orí ṣáwà sínú fínígà ní òru kan, èèpo náà yóò tú. Ṣùgbọ́n bí a bá tú orí ṣáwà kúrò, tí omi sì ń lọ dáradára, síbẹ̀ tí ó ṣì ń gbóná tí ó ń tutù, àbùkù ti wà ní inú; kí a pe oníṣẹ́.

OHUN TÍ KÌ Í ṢE TIWA

Títí dé ìhín, ohun tí a lè fi omi, abẹ́rẹ́ àti sùúrù ṣe ni a ti sọ. Gbogbo ohun tí ó wà lábẹ́ ìdérí níbi tí wáyà wà kì í ṣe tiwa. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn ike tí ń jó, tí ẹ bá rí i pé ara ṣáwà tàbí súìsì rẹ̀ ti dúdú tàbí pé ó ti yọ́, wáyà kan ti ń mì ní ibi tí a so ó mọ́. Bí omi bá ń kán láti abẹ́ ìdérí, omi ti dé ibi tí kò yẹ. Ẹ pa bírékà, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe lò ó títí a ó fi tún un ṣe.

Àmì kan wà tí ó burú ju gbogbo rẹ̀ lọ. Bí ẹni tí ń wẹ̀ bá sọ pé omi “ń ta òun,” tàbí pé ara òun gbọ̀n rìrì nígbà tí òun di ẹ̀rọ omi mú, ẹ má ṣe fi í rẹ́rìn-ín. A ti gbọ́ àwọn tí ń wí pé, “Kò ṣe nǹkan, bàtà rọ́bà ni kí o wọ̀ wẹ̀.” Ọ̀rọ̀ ikú ni. Iná ti ń wọ inú omi, wáyà ẹ́ẹ̀tì kò sí ní ipò rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ ẹ̀mí sì ti sùn tàbí kò sí níbẹ̀ rárá. Lónìí ó kàn ta ọ́. Lọ́la, bí ilẹ̀ bá tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí bí ó bá jẹ́ ọmọdé, ó lè mú un lọ. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan ṣáwà náà láti pa á. Àpótí iná ni kí ẹ gbà. Bí ẹnì kan bá sì ṣubú níbẹ̀, ẹ má ṣe dì í mú kí ẹ tó pa iná ilé, kí òkú má baà di méjì.

Nígbà tí oníṣẹ́ bá sì dé, ẹ dúró tì í. Ẹ bi í ní ohun mẹ́ta: Kín ni ó fa àbùkù yìí? Ǹjẹ́ ẹ yọ ẹ̀ṣọ́ kankan, tàbí ẹ so wáyà rẹ̀ pọ̀? Ṣé ẹ ti wọn ẹ́ẹ̀tì, ẹ sì ti tẹ bọ́tìnì ìdánwò? Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní í bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí. Kí ẹ̀yin náà sì máa tẹ bọ́tìnì náà fúnra yín lẹ́ẹ̀kan ní oṣù. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí iná kò sì kú, ẹ̀ṣọ́ yín ti kú nìyẹn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wẹ̀.

ÌPARÍ

Ẹ̀yin ará, ẹ mọ ohun tí wòlíì Ìsíkíẹ́lì kọ nípa olùṣọ́ tí a fi sórí odi ìlú, àti ẹ̀jẹ̀ tí a ó bi í léèrè bí kò bá fọn ìpè. Àwa rò pé ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà wà fún onílé: olùṣọ́ fọn ìpè, onílé sì rán ọmọdé pé kí ó lọ gba fèrè lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ariwo rẹ̀ kò jẹ́ kí òun sùn. Àwa ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Àpá rẹ̀ wà ní èjìká ìyá wa títí di òní, ojoojúmọ́ tí a bá kí wọn ni a sì ń rí i.

Bí ẹ bá padà sílé ní alẹ́ yìí, kí ẹ tó sùn, ẹ ṣí àpótí iná yín, kí ẹ mọ bírékà tí ó jẹ́ ti ilé ìwẹ̀, kí ẹ sì fi hàn gbogbo àgbà tí ó wà nínú ilé. Ẹ wá bọ́tìnì ìdánwò nì, kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí parí kí ẹ tó ránṣẹ́ pe ẹni tí yóò fi í síbẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó owó aṣọ ẹgbẹ́ kan. Kí Olúwa máa ṣọ́ ìjáde àti ìwọlé wa, kí àwa náà má sì ṣe dí ẹnu àwọn ẹ̀ṣọ́ tí a fi fún wa. Àmín.